Owó Ẹ̀tọ́ Yàtọ̀ sí Owó Gbà-Má-Bínú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀, wọ́n fún wa ní àyè láti yan ohun tí a ó sọ. À bá sọ̀rọ̀ lórí omi ẹ̀rọ tàbí lórí ilé ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tí ì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí i pé ọ̀ràn kan wà tí ó ń ṣe ilé púpọ̀ lọ́ṣẹ́ láàárín wa, tí a kì í fẹ́ dá sí, nítorí pé ẹkún ni ó máa ń ṣáájú rẹ̀. Ọ̀ràn náà ni ẹ̀tọ́ àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé àìbìkítà ẹlòmíràn ni ó fa ikú náà.

Ìdí tí ọ̀ràn yìí fi kàn wá ju ìlú mìíràn lọ kò fara sin. Ìkóríta ni Ore. Ọ̀nà tí ó ti Èkó àti Ṣàgámù wá, tí ó lọ sí Bìní àti ìlà-oòrùn, gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ọ̀nà tí ó ti Òǹdó wá, tí ó lọ sí Òkìtìpupa, sì dábùú rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ó sọ Ore di ńlá. Òun ni ó mú kí èrò máa sọ̀ jẹun lọ́dọ̀ wa, tí pákó, kòkó, epo àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa fi ń rí ọjà lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọ̀rọ̀ náà pé 'Ó le kú, ìjà Ore', láti ìgbà tí ogun abẹ́lé dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1967. Ogun náà ti tán, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dẹ́kun pípa ènìyàn. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já, táńkà epo tí ó dojú dé, bọ́ọ̀sì tí awakọ̀ rẹ̀ kò fojú kan oorun láti àná: ta ni nínú wa tí kò mọ ilé tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 ń ṣe iṣẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ tiwa bẹ̀rẹ̀ níbi tí a bá ti gbé òkú dé ilé.

A mọ ilé kan tí a kò ní dárúkọ. Baba ilé náà a máa ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, a sì máa tà á fún àwọn oníbàárà tí ó ti Èkó wá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ń sá eré àsápajúdé ni ó kọlù ú ní ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ó ti ń di ẹrù. Ó fi ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. A kò tí ì já èyí àbíkẹ́yìn lẹ́nu ọmú. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọkùnrin kan dé, ó ní ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni ó rán òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ ẹbí, ó gbé owó kalẹ̀, ó ní owó gbà-má-bínú ni. Lẹ́yìn náà ni ó yọ ìwé kan jáde, ó ní kí wọ́n kàn bá òun tẹ ìka sí i, kí ọ̀gá òun lè mọ̀ pé òun jẹ́ iṣẹ́. Olórí ẹbí tẹ ìka. Ìnáwó ìsìnkú gbé owó náà mì. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, tí a lé méjì nínú àwọn ọmọ náà kúrò ní ilé ìwé nítorí owó, opó tọ agbẹjọ́rò lọ. Ohun tí wọ́n bá nínú ìwé náà ni pé ẹbí ti gba gbogbo ohun tí ó tọ́ sí wọn, àti pé wọn kò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Opó náà kò tẹ ìka sí i. Kò tilẹ̀ sí nínú yàrá náà. Síbẹ̀ ìwé yìí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dí i lọ́nà, ẹjọ́ tí ìbá rọrùn sì di ẹjọ́ tí ó takókó.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ tí a fún owó náà. Gbà-má-bínú ni ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ ń mú wá láti tu ọkàn ẹni tí a ṣẹ̀ nínú. Ẹni tí ó mú un wá ni ó ń sọ iye rẹ̀, ẹni tí ó gbà á kò sì gbọdọ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni ó ń sọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ àti bí a ó ti ṣírò rẹ̀, bí ẹni tí ó jẹ ẹ́ bínú tàbí kò bínú. Ohun kan ṣoṣo tí a wá sọ lónìí nìyí: owó tí ó tọ́ sí opó àti ọmọ òrukàn lẹ́yìn ikú àìtọ́ kì í ṣe owó ìpẹ̀tù, owó ẹ̀tọ́ ni, ó ní olówó, ó sì ní àkókò.

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan yóò sọ. Wọn yóò ní àmúwá Ọlọ́run ni, àti pé a kì í ta òkú ẹni jẹ. A bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìfẹ́ tí a ní sí òkú ni ó bí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó rán tírélà jáde láìní bíréèkì. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Kí a wo ẹ̀yìn kí a lè mọ ohun tí ó gbé wa ṣubú kì í ṣe àìgba kádàrá. Bí ó bá sì jẹ́ pé títa òkú ni a ń bẹ̀rù, ẹni tí ó gba owó díẹ̀ ní ọjọ́ kẹjọ, tí ó tẹ ìka sí i pé ọ̀ràn tán, òun gan-an ni ó ta òkú, ó sì tà á lọ́pọ̀. Ẹni tí ó lọ béèrè owó ilé ìwé àwọn ọmọ olóògbé lọ́wọ́ ẹni tí ó pa baba wọn kò ta ẹnikẹ́ni.

Òfin pàápàá kò tètè mọ èyí. Ní ọdún 1808, ní Ìlú Ọba, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan tí ó ń kó èrò dojú dé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Baker wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ìyàwó náà sì kú ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà. Baker pe àwọn tí ó ni ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ó gba £100 fún ìfarapa tirẹ̀ àti fún àdánù tí ó bá a títí di ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ mí èémí ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n fún ikú náà fúnra rẹ̀, adájọ́ Ellenborough ní kò sí owó kankan, nítorí pé ní ilé ẹjọ́ láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, ikú ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè torí rẹ̀ gba owó. Ẹ wo ibi tí èyí gbé òfin dé: ó sàn fún ọlọ́kọ̀ kí ó pa èrò ju kí ó dá a lápá lọ, nítorí alápá dídá yóò gba owó, òkú kò ní gbà. Lẹ́yìn tí rélùwéè dé tí ikú sì pọ̀ sí i, ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba ṣe òfin ọdún 1846, èyí tí a ń fi orúkọ Olúwa Campbell pè, tí ó fún ìyàwó, ọkọ, òbí àti ọmọ olóògbé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ikú náà gbà lọ́wọ́ wọn.

Òfin náà bá ìjọba òyìnbó dé ilẹ̀ wa. Nígbà tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń ṣe òfin tirẹ̀, ó fi irú ẹ̀tọ́ yìí sínú Òfin Torts tí ó wà nínú àkójọ òfin ọdún 1959. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Òǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù February, ọdún 1976, ó jogún àwọn òfin Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì ni a ń sọ. Ohun tí ó ti wà nínú ìwé òfin wa tipẹ́ ni, tí àwọn tí ó ni ín kò mọ̀.

Ta ni ó ni owó yìí? Ibí ni a ti fẹ́ kí àwọn olórí ẹbí gbọ́ wa dáadáa. Àwọn tí olóògbé ń bọ́ ni ó ni ín: ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀, àti àwọn òbí tí wọ́n gbójú lé e. Ìyàwó tí a fẹ́ nílànà ìbílẹ̀, tí a san ìdána rẹ̀ níwájú ẹbí, kò yọ sílẹ̀. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, ilé ẹjọ́ yóò wo ohun tí olúkúlùkù wọn àti àwọn ọmọ wọn pàdánù, yóò sì sọ ìpín olúkúlùkù. Owó náà kì í ṣe ogún. A kò ní pín in ní ìdí-igi, a kò ní pín in ní orí-òjorí, kò sì sí nínú ohun tí àbúrò olóògbé yóò bójú tó. Gbogbo wa mọ̀ pé nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Nínú ọ̀ràn yìí, kì í ṣe ọkọ ni ó ń jogún: àdánù ti ara rẹ̀ ni ó ń gbà padà. Bí olóògbé bá ti jìyà kí ó tó kú, tàbí tí dúkìá rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀tọ́ lórí èyíinì lè wà lọ́tọ̀ fún ohun ìní rẹ̀, òun ni ó sì ń di ogún. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Báwo ni ilé ẹjọ́ ti ń ṣírò rẹ̀? Kì í ka omijé. Ìbànújẹ́ wa kò ní iye nínú òfin yìí. Owó àti ìrànlọ́wọ́ tí olóògbé ìbá pèsè ni adájọ́ ń wá. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yé ara wa. Ká ní ọkùnrin kan ń rí ₦150,000 lóṣù, tí ó sì ń ná ₦50,000 nínú rẹ̀ fún ara rẹ̀. ₦100,000 ni ó ń wọlé fún àwọn ará ilé rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Adájọ́ yóò wo ọjọ́ orí rẹ̀, ìlera rẹ̀, àti ọdún tí àwọn ọmọ yóò fi gbára lé e. Kò ní ka gbogbo ọdún tí ó kù títí di ogbó rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀la, owó tí a sì gbà lẹ́ẹ̀kan náà ṣeé fi ṣòwò. Bí ó bá fi ọdún 10 sí i, owó náà di ₦12,000,000. Bí ó bá rí i pé olóògbé náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ nínú ìjàǹbá náà, yóò yọ ìpín ẹ̀bi náà kúrò. Ẹ fi èyí wé owó tí àwọn ènìyàn ń gbé wá ní ọjọ́ kẹjọ, kí ẹ sì sọ fún wa èwo ni ó bọ̀wọ̀ fún òkú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí ọlọ́pàá bá ti mú awakọ̀, ọ̀ràn ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tí ọlọ́pàá ń ṣe jẹ́ ẹjọ́ láàárín ìjọba àti ọ̀daràn. Bí adájọ́ bá rán awakọ̀ lẹ́wọ̀n, opó kò ní tìtorí rẹ̀ rí owó gaàrí. Bí ó bá bu owó ìtanràn lé e, àpò ìjọba ni ó ń lọ. Ẹjọ́ ti ẹbí dá dúró lọ́tọ̀. Wọ́n lè pe awakọ̀, wọ́n sì lè pe ẹni tí ó ni ọkọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà yóò dáhùn fún un. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé awakọ̀ lè má ní ju ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀gá ni ilé iṣẹ́ adójútòfò, èyí tí a ń pè ní ínṣọ́ránsì. Òfin tí a ṣe ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 1945 ni ó sọ ọ́ di dandan pé kí ọkọ̀ kankan má ṣe rìn láìní irú èyí tí ó wà fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bá ṣe léṣe tàbí tí ó bá pa. Ìwé tí gbogbo wa ń rà kí ọlọ́pàá má bàa dá wa dúró ni; ₦15,000 ni wọ́n sọ iye rẹ̀ dà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ní ọjọ́ 1 oṣù January, ọdún 2023. Ìwé ọlọ́pàá ni a kà á sí, bẹ́ẹ̀ ni ìwé opó àti ọmọ òrukàn ni. Ẹni tí ó ra ayédèrú rẹ̀ nínú wa, kí ó mọ̀ pé òun ti já ọmọ ẹlòmíràn kúlẹ̀, òun sì ti fi ilé àti oko ti ara rẹ̀ sínú ewu. Bí ẹbí bá sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó tí ilé ẹjọ́ bá dá, agbẹjọ́rò wọn gbọdọ̀ fi tó wọn létí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ní kété tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òfin ọdún 1945 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 7 péré lẹ́yìn tí a pe ẹjọ́ ni ó fi sílẹ̀ fún èyí.

Èyí mú wa dé ọ̀rọ̀ àkókò. Ẹ̀tọ́ yìí a máa kú bí ènìyàn ti ń kú. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó fa ikú náà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oṣù 3 péré ni òfin tí ó dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́. Fún àwọn mìíràn, àkókò náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má ṣe jókòó máa ka oṣù. Kí ọ̀fọ̀ ogójì ọjọ́ tó pé, kí ẹnì kan nínú ẹbí ti rí agbẹjọ́rò. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pe ẹjọ́ ni ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga láti bójú tó ohun ìní olóògbé. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó bá kọ̀ tí kò ṣe nǹkan, òfin fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí àdánù bá láti pe ẹjọ́ fúnra wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni a ń pe ẹjọ́ náà, lórúkọ gbogbo àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀. Nítorí náà kí àwọn orogún parí ìjà wọn sí ilé, kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́.

Ìwé ni ẹ̀rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó mọ̀wé sàmì sí ibí yìí fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí a kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sílẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò, kí a gba orúkọ àwọn tí ó ṣojú wọn. Kí a béèrè ìwé tí wọ́n kọ orúkọ èrò sí ní gáréèjì. Kí a gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ dókítà pé ohun báyìí ni ó fa ikú. Kí a má ṣe sáré sìnkú kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá jẹ́ pé iyàn lè wà lórí ohun tí ó pa á. Kí a forúkọ ikú sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tí ń ka ènìyàn, kí a sì tọ́jú ìwé rírà pósí àti gbogbo ìnáwó ìsìnkú.

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ṣòro jù lọ láti rí lẹ́yìn ikú ni èyí tí ó yẹ kí a ti tọ́jú nígbà tí ẹni náà wà láàyè: èyí tí ó fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń bọ́ ilé. Akọ̀wé ìjọba ní ìwé owó oṣù. Kí ni àgbẹ̀ kòkó ní? Kí ni ìyá tí ó ń ta epo ní? Ìwé tí àwọn tí ń ra kòkó fún un, ìwé àjọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé báńkì, ìwé owó ilé ìwé àwọn ọmọ, àwọn wọ̀nyí ni ẹnu òkú ní ilé ẹjọ́. Ìwé ìbí àwọn ọmọ àti àwòrán ọjọ́ ìdána ni yóò sọ ẹni tí opó jẹ́. Àpótí kékeré kan tó láti kó gbogbo rẹ̀ sí.

Kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni ikú àìtọ́ wà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ pákó, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ mọ ohun tí ayùn ńlá lè ṣe. Òfin ọdún 2010 lórí owó ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí iṣẹ́ bá pa òṣìṣẹ́, àpò náà ni yóò máa bọ́ àwọn tí ó fi sílẹ̀, láìjẹ́ pé wọ́n gbọdọ̀ fi hàn pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Opó tí ó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè máa gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọkọ rẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n ní láti fi béèrè rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, bí ẹ kò bá tí ì forúkọ ilé iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ẹ ó máa sá fún opó.

Ẹ wo bí ọ̀ràn ti yàtọ̀ fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọjọ́ 3 oṣù October, ọdún 2013, ọkọ̀ òfuurufú tí ó ń gbé òkú Gómìnà wa àtijọ́, Olóyè Olúṣẹ́gun Agagu, bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ já lulẹ̀ ní Èkó, ẹ̀mí sì ṣòfò nínú rẹ̀. Òfin ìrìnnà òfuurufú ti ọdún 2006 ti là á sílẹ̀ nígbà náà pé kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ san ó kéré tán $30,000 ṣáájú fún ẹbí olóògbé láàárín ọjọ́ 30, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó kú nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Ore kò ní irú owó àkọ́san bẹ́ẹ̀. Ẹbí rẹ̀ ni yóò dìde fúnra wọn. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn, ọwọ́ yín kò lè tó o. Ní ọdún 1967, Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá ẹjọ́ Benson àti Ashiru, níbi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn tí a sì pe ẹjọ́ ní Èkó. Wọ́n gbà pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbọ́, bí òfin ibi méjèèjì bá ka ìwà náà sí ohun tí a lè torí rẹ̀ gba owó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1976 ni ó wà níbẹ̀ fún irú ọ̀ràn yìí, ọdún 3 sì ni òfin ibẹ̀ fi sílẹ̀ láti pe ẹjọ́. Òfin tiwọn tilẹ̀ fi owó kan pàtó lé ìbànújẹ́ fún ọkọ, ìyàwó àti àwọn ènìyàn díẹ̀ mìíràn. £15,120 ni wọ́n sọ ọ́ dà ní oṣù May, ọdún 2020. Ohun tí ó kàn wá jù nínú rẹ̀ ni pé baba àti ìyá wà lára àwọn tí òfin náà mọ̀. Bí ọmọ kan tí ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Odigbo bá bá ìwà àìbìkítà kú lọ́hùn-ún, ìyá náà kò gbọdọ̀ rò pé òkun ti pa ẹ̀tọ́ òun rẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ máa fi owó ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí ó ní ìwé, kí ẹ̀yin ìyá sì tọ́jú ìwé náà.

Ẹnì kan lè béèrè pé níbo ni tálákà yóò ti rí owó agbẹjọ́rò. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àjọ ìrànlọ́wọ́ lórí òfin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà fún àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kò ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí lọ. Òfin àjọ náà ti ọdún 2011 sì ka ẹjọ́ lórí ìjàǹbá mọ́ ohun tí wọ́n lè bá ènìyàn ṣe. Ẹjọ́ lè pẹ́. A kò ní tan yín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń parí pẹ̀lú àdéhùn kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, èyí kò sì burú, bí ó bá jẹ́ pé agbẹjọ́rò ẹbí wà níbẹ̀, tí opó jókòó síbẹ̀, tí gbogbo wọn sì mọ iye tí ẹ̀tọ́ wọn tó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nítorí náà a gbé ìmọ̀ràn mẹ́ta síwájú ẹgbẹ́ yìí. Èkínní, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí obìnrin wà nínú wọn, tí yóò máa lọ sí ilé ọ̀fọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe láti kí wọn nìkan, bí kò ṣe láti bá wọn kó ìwé jọ. Èkejì, kí àwọn agbẹjọ́rò tí ó jẹ́ ọmọ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí opó lè rí ẹni béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsan owó ìbéèrè. Ẹ̀kẹta, kí àwọn olórí ẹbí ṣe ìlérí níwájú Kábíyèsí pé àwọn kò ní tẹ ìka sí ìwé kankan lórí ikú ẹnikẹ́ni, títí opó tàbí ọkọ olóògbé yóò fi wà níbẹ̀, tí ẹni tí ó mọ òfin yóò sì ti kà á fún wọn.

Ọmọ tí a kò tí ì já lẹ́nu ọmú ní ọjọ́ tí a sọ yẹn ti ń rìn báyìí. Ní ọjọ́ kan yóò béèrè lọ́wọ́ wa ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí baba rẹ̀ kú. Kí a má ṣe ní láti sọ fún un pé wọ́n bẹ̀ wá, a sì gbà, a kò bínú.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ohun tí yóò mú wa lo ìmọ̀ràn yìí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kí ó má ṣe bá wa ní òpè. Kí ìlú wa tòrò, kí ọ̀nà wa já geere.